Rọ́bà Èémí Lójúfò

Ní 1878, ní ìlú Glasgow, oníṣẹ́ abẹ kan, William Macewen, fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ̀pá oníhò gba ẹnu ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ wà nídìí ahọ́n rẹ̀, títí tó fi wọ ọ̀nà èémí, kí wọ́n tó fún un ní oògùn oorun. Ìdí tí àwọn dókítà fi ń ṣe irú rẹ̀ dòní kò yí padà: bí aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ sùn, tí ọ̀pá náà, tí à ń pè ní rọ́bà, kò sì wọlé, èémí lè pin. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì sùn, òun fúnra rẹ̀ ló ń mí.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ aláìsàn ló yẹ kí orúkọ iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, torí òun ni wọn yóò sọ fún pé "mí sínú" nígbà tí rọ́bà bá ń wọlé. Ẹni tó bá pè é ní rọ́bà "àìsùn" ti dẹ́rù ba aláìsàn, nítorí àìsùn òkú ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. "Lójúfò" sàn jù: ẹni tó wà lójúfò ń gbọ́, ó sì ń dáhùn. "Ọ̀nà èémí tó le", tí wọ́n fi ń túmọ̀ "difficult airway", pàápàá ń ṣini lọ́nà. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò rò pé mímí ti dogun fún òun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí ń mí geere. Dókítà ló ṣòro fún láti débẹ̀, torí ẹnu kò là tó, tàbí torí àpá iná ti fa àgbọ̀n mọ́ àyà. "Ọ̀nà èémí aṣòro-wọ̀" gbé ìṣòro náà sí àyè rẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni "rọ́bà ọ̀fun". Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀fun ni oúnjẹ ń gbà, rọ́bà tó bá sì ṣìnà wọ ọ̀nà oúnjẹ, tí wọn kò tètè fura, a máa pani.

Àwọn kan á ní orúkọ kíkún náà, "ìti-rọ́bà-bọ ọ̀nà èémí aṣòro-wọ̀ lójúfò", ti gùn jù. Ó gùn lóòótọ́. Kó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí "rọ́bà èémí lójúfò" wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Àwọn míì á bi wá pé kí là ń wá, nígbà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní tíátà. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó dé tíátà ló ti ń fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ó sì yẹ kí ohun tó ń fọwọ́ sí yé e, títí kan orúkọ oògùn. Ìlànà tí Difficult Airway Society, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń mójú tó irú ọ̀nà èémí bẹ́ẹ̀, gbé jáde ní Britain ní 2020 sọ pé oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ kò gbọdọ̀ rọ́pò oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí imú àti ọ̀nà ọ̀fun kí ibẹ̀ má baà mọ ìfọwọ́kàn. Bí a bá ń pe méjèèjì ní "oògùn oorun", aláìsàn yóò máa retí oorun. Bó bá sì rí i pé òun kò sùn, tí rọ́bà ti ń gba imú òun wọlé, yóò gbà pé oògùn kò ràn, yóò sì di ọwọ́ dókítà mú.