Iná Pupa Iwájú Dírẹ́bà: Ìtàn Àńbíréèkì àti Iṣẹ́ Rewáyà

Kí iná pupa tó gba iṣẹ́ ìkìlọ̀ ní iwájú dírẹ́bà, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó ń ṣọ́ ọkọ̀ kí ó má baà sún sẹ́yìn ní ilẹ̀ wa, mọ́tò-bọ́ì ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tí ó bá wọ bọ̀lẹ̀kájà rí, láyé ìgbà tí iwájú ọkọ̀ jẹ́ irin tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ pákó, kò lè gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń rọ̀ dirodiro lẹ́yìn ọkọ̀, tí ó fi ọwọ́ kan di pákó mú, tí ó fi ọwọ́ kejì gbá wẹ́ẹ̀jì mọ́ra, ìyẹn ègé igi líle tí wọ́n gbẹ́ títí tí ìdí rẹ̀ fi nípọn tí etí rẹ̀ sì tẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ẹnu àáké. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè Mápó ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹrù àpò kòkó, kí táyà tó dúró ni ọmọ náà yóò ti bẹ́ sílẹ̀, tí yóò máa sáré níbẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ọkọ̀ bá sì ti ní kí òun sún sẹ́yìn báyìí, wẹ́ẹ̀jì ti wọ abẹ́ táyà. Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣe é lọ, ẹ̀yìn a ṣe é padà sí. Ó dá mi lójú pé àgbà tí ó pa òwe náà kò ro ti ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò ní àńbíréèkì, ìyẹn bíréèkì ọlọ́wọ́. Ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé e wọ ilẹ̀ yìí ni Ford Model T wà, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1908 títí di 1927. Ọ̀pá irin gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó dírẹ́bà rẹ̀, òun nìkan ni ó sì lè di táyà ẹ̀yìn méjèèjì mú, nítorí pé inú gíá ni bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pá náà ga, ó hàn, kò sí bí ojú ṣe lè fò ó. Òun fúnra rẹ̀ ni ìkìlọ̀. Ìgbà tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ wá gé e kúrú, tí àwọn kan tẹ́ ẹ sáàárín ìjókòó méjì, tí àwọn mìíràn fi í pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ni ìgbàgbé wọlé, tí ènìyàn yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú àńbíréèkì ní fífà, tí kò ní mọ̀ títí tí òórùn jíjó yóò fi gba inú ọkọ̀ kan. Volkswagen àtijọ́ pàápàá, ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, tí ó gbé tíṣà àti akọ̀wé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, iná pupa wà nínú rẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀, iná aláwọ̀ ewé wà fún ọ́ìlì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mẹ́nu ba àńbíréèkì.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ní oṣù September 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀, nígbà tí ó sì fi di ọjọ́ kìíní January 1968, ó ti di dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní bíréèkì ọ̀nà méjì, kí èkejì lè gbà á bí ọ̀kan bá kú, kí iná sì wà tí yóò tú àṣírí èyí tí ó kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ so iná kan náà mọ́ àńbíréèkì, àwọn mìíràn sì tún so ó mọ́ ohun kékeré tí ń léfòó nínú ìgò ọ́ìlì bíréèkì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu kan ṣoṣo ṣe di ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá púpọ̀.

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Òjó, lójú ọ̀nà Badagry, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà. Peugeot 504, tí ayé ti rí láti 1968, wá gba títì, wáyà sì pọ̀ nínú ọkọ̀ ju ohun tí mẹkáníìkì onísípánà lè dá kojú lọ. Ọjà yá fún rewáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Lábẹ́ igi ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú gílóòbù kékeré kan tí wọ́n so wáyà méjì mọ́ tí wọ́n ń pè ní tẹ́sítà, títí di ọjọ́ fírídọ̀mù tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún wọn. Lọ́dọọdún ni àwọn kan nínú wọn sì ń bá àwọn dírẹ́bà bọ Ògún Lákáayé, ọṣìn imọlẹ̀, nítorí wáyà náà kò ṣàìjẹ́ ọmọ irin.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í fi ìwàǹwára wo iná àńbíréèkì. Ó mọ̀ pé láti ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí ni agbára bátìrì ti dé ẹnu gílóòbù, tí ó ń dúró de ibi tí yóò gbà kanlẹ̀ sára irin ọkọ̀. Súwíìṣì kékeré tí ó wà nídìí àńbíréèkì ni ó ń ṣílẹ̀kùn yìí: bí a bá fa ọ̀pá sókè, orí súwíìṣì a yọ síta, wáyà a sì kanlẹ̀, iná a tàn, bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìdí ọ̀pá a tẹ orí náà wọlé, iná a sì kú. Nínú ọkọ̀ tí ó ti gbó, bí iná bá kọ̀ tí kò kú, ìpẹtà ni ó sábà ń mú orí súwíìṣì há, tàbí kí irin tí ń tẹ̀ ẹ́ ti wọ́, tàbí kí ara wáyà ti bó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà rewáyà gidi yóò ká kápẹ́ẹ̀tì, yóò sọ ọ̀pá kalẹ̀, yóò sì yọ wáyà kan ṣoṣo tí ó wà lára súwíìṣì náà. Bí iná bá kú, súwíìṣì ni ọ̀daràn: yóò fọ̀ ọ́, yóò tún un gbé sí ipò rẹ̀, tàbí kí ó rán ọmọ-iṣẹ́ sí ọjà Ararọ̀mí ní Gèètì, Ìbàdàn, kí ó wá irú rẹ̀ wá. Bí iná kò bá kú, yóò tọ wáyà lọ, yóò sì dé ibi ìgò ọ́ìlì bíréèkì.

Àwọn kan wà, wọn kò sì kéré níye, tí wọn yóò kàn yọ gílóòbù dànù, tí wọn yóò gbowó lọ́wọ́ onímọ́tò, tí onímọ́tò yóò sì dúpẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ yẹn lè jẹ́ pé páìpù ń jò lábẹ́ ọkọ̀, tí ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yóò tẹ bíréèkì tí yóò bá a lófo.

Ẹ̀yin tí ẹ jogún 504 lọ́wọ́ bàbá yín, tí ẹ ń fi aṣọ nù ún ní òwúrọ̀ Sátidé, bí iná pupa yẹn bá tàn tí ó kọ̀ tí kò kú, ẹ kọ́kọ́ wo ìgò ọ́ìlì bíréèkì kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan.