Ta Ni Ó Ń Dá Iye Lé Àwòrán?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Òwe yìí bá ipò tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán wà lónìí mu, nítorí pé ẹni tí ó ni ọjà ni ó ń pàṣẹ lórí iye tí a óò san fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Ìlá Ọ̀ràngún, ojúkojú ni ayàwòrán àti ẹni tí ó wá jókòó níwájú kámẹ́rà ti ń ṣòwò fọ́tò.

Ní ọdún 1975, Stephen Sprague, ayàwòrán kan láti Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí iṣẹ́ yìí ní Ìlá, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé African Arts ní 1978. Ó ṣàkíyèsí bí àgbàlagbà ti máa ń jókòó ṣinṣin nínú aṣọ ńlá, tí yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, tí yóò sì kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Nẹ́gẹ́tíìfù a máa wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà mìíràn yóò padà wá sanwó.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a ti ń ta àwòrán tipẹ́. Otto Bettmann, tí ó sá kúrò ní Jámánì ní 1935, dá ilé ìṣúra àwòrán sílẹ̀ ní New York ní 1936. Bí ẹni tí ń fi àga háyà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ṣe: bí oníwèé ìròyìn bá ti lo àwòrán kan, yóò san owó rẹ̀.

Àsansílẹ̀ ni ó yí ètò yìí padà. Ní 2003, Jon Oringer fi 30,000 àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà bẹ̀rẹ̀ Shutterstock. Oníbàárà yóò san iye kan lóṣooṣù, yóò sì máa kó àwòrán dé ìwọ̀n tí a fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sẹ́ǹtì 25 ni ayàwòrán tuntun ń gbà lórí àwòrán àsansílẹ̀ kan. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020, owó náà lè wálẹ̀ dé sẹ́ǹtì 10. Ẹni tí ó ń ta 400 àwòrán kí ó tó rí 100 dọ́là lè wá ní láti ta 1,000. Ètò tuntun náà tún ń dá gbogbo ayàwòrán padà sí ìpele ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún. Ní Ìgbómìnà, ẹni tí ó ti gbòmìnira kì í padà di ọmọ-iṣẹ́.

Kí ni ó fa ìdínkù yìí? Àwòrán pọ̀ ju olùrà lọ, nítorí pé kámẹ́rà ti wọ inú tẹlifóònù. Láti 2022 pẹ̀lú, ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ lásán ṣẹ̀dá àwòrán ti gbòde. Ní oṣù kìíní 2025, Getty Images àti Shutterstock kéde pé àwọn fẹ́ di ọ̀kan. Bí ọjà bá sì ti dín kù, àyè àtiyan ọjà dín kù fún ẹni tí ń tà.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní 2023 dáàbò bo ẹni tí ó ya fọ́tò, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn ná ọjà. Nítòsí Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́, àwọn ère òkúta tí ó lé ní 1,000 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1945. Ère kì í rìn, àwòrán rẹ̀ ni ó ń rin ayé. Bí ọ̀dọ́mọdé ayàwòrán láti Òmù-Àrán bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìṣúra, kò sí ẹni tí yóò jókòó bá a dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n ìyá ìkókó tí ó fẹ́ fọ́tò ìkómọ ṣì mọ ilé rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú ìjíròrò yìí ni pé: ọ̀nà wo ni àwọn ayàwòrán lè gbà fi ohùn ṣọ̀kan, kí ẹni tí ó ru ẹrù lè ní ẹnu nínú iye rẹ̀?