Ọkùnrin Ọlọ́wọ́ Kan àti Nọ́ńbà 3.5.1.5

Gbogbo wa la mọ ògiri tí wọ́n kọ “Má ṣe tọ̀ síbí” sí, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ń tọ̀ sí. Òórùn tó máa ń ta wá nímú níbẹ̀, ìtàn rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí.

Ìtọ̀ tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Yúríà wà nínú rẹ̀, bí yúríà bá sì dá wà nínú omi lásán, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa gbà kó tó fọ́. Àmọ́ àwọn bakitéríà inú ilẹ̀ ní ohun kan tó ń jẹ́ urease. Ihò bíńtín kan wà lára rẹ̀. Yúríà á wọbẹ̀, nickel méjì tó wà nínú ihò náà á dì í mú, omi á sì là á. Á di ámónìà àti carbon dioxide. Ámónìà yẹn là ń gbóòórùn. Urease fúnra rẹ̀ ò ní bàjẹ́. Òmíràn ló kàn. Ohun tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyìí là ń pè ní ẹ́ńsáìmù.

Biochemistry ni mo kà ní yunifásítì. Mo há ẹ́ńsáìmù sórí fún ìdánwò, mo sì gbàgbé ẹ̀ kí n tó délé. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn James Sumner fún mi.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní 1887. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, ìbọn ṣèèṣì bà á níbi tó ti ń ṣọdẹ ẹyẹ, wọ́n sì gé apá òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ ìgúnpá. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni tẹ́lẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ bó ṣe máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan. Nígbà tó fẹ́ kàwé sí i ní Harvard, Ọ̀jọ̀gbọ́n Otto Folin ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, pé kẹ́mísírì kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́wọ́ kan. Sumner kọ̀, ọ̀dọ̀ Folin yìí náà ló sì ti gboyè dókítà.

Láti 1917, ní Cornell, ó ń wá bó ṣe máa yọ urease jáde lára ẹ̀wà jack bean, nítorí kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹ́ńsáìmù jẹ́ gan-an. Wọn ò ní àpótí yìnyín. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé omi ẹ̀wà náà sí, wọ́n á sì máa gbàdúrà kí òtútù mú. Ní 1926, ó lo acetone, irú èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó yẹ ẹ̀kán kan wò lábẹ́ maikirosíkóòpù: ó rí wóró tó ní igun. Púrótéènì ni!

Ọ̀pọ̀ ò gbà á gbọ́. Ní Jámánì, Richard Willstätter, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, ní ẹ́ńsáìmù kì í ṣe púrótéènì. Ní 1930, John Northrop yọ pepsin, ẹ́ńsáìmù inú ikùn, òun náà bá púrótéènì. Ní 1946, Sumner, Northrop àti Wendell Stanley jọ gba Nobel.

Bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń pọ̀, kálukú ń sọ tiẹ̀ lórúkọ tó wù ú. Ní 1961, ìgbìmọ̀ àgbáyé kan pín wọn sọ́nà mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn: àwọn tó ń gbé electron kiri, àwọn tó ń gbé ẹ̀yà ohun kan fún òmíràn, àwọn tó ń fi omi la nǹkan, àwọn tó ń là á láìlo omi, àwọn tó ń tún nǹkan tò, àtàwọn tó ń so nǹkan pọ̀. Ní 2018, ìkeje dé: àwọn tó ń gbé nǹkan sọdá awọ sẹ́ẹ̀lì.

Nọ́ńbà urease ni 3.5.1.5. 3 ni ẹgbẹ́ afomilà. 5 ní ìsopọ̀ carbon àti nitrogen ló ń já. 1 ń sọ irú ohun tó ń já a lára rẹ̀. 5 tó gbẹ̀yìn ni nọ́ńbà tiẹ̀ gan-an, bí nọ́ńbà ilé ládùúgbò.

Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ògiri nìkan ló wà o. Helicobacter pylori, bakitéríà tó ń fa ọgbẹ́ inú, ń fi urease ṣe ámónìà tó máa dín agbára ásíìdì ikùn kù, kó lè ráyè gbé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fún èèyàn ní yúríà mu, kí wọ́n sì ní kó fẹ́ èémí sínú àpò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá bakitéríà náà wà nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá tún gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá, ẹ bo imú yín, ẹ sì rántí ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n ní kó lọ ṣe lọ́yà. Ó dìgbà kan ná.