Sójà Òjé ní London, Òyìnbó Onígi ní Èkó

Láti Makutu ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ òní sì dá lórí ohun tó ń jẹ owó mi: kíkó sójà kéékèèké onírin jọ, kí n sì fọwọ́ kùn wọ́n.

Ọdún 1893 ni ilé iṣẹ́ William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sójà òjé tí inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n á da òjé yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù. Bí ara rẹ̀ bá ti ń dì, wọ́n á yára da ìyókù síta. Òjé díẹ̀, owó pọ́ọ́kú. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe aláwọ̀ dúdú náà: àwọn Zulu, àti King's African Rifles. Òyìnbó ló kùn wá, bó ṣe rí wa.

Èkó ni èsì ti wá. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ń gbẹ́ òyìnbó kéékèèké: ajẹ́lẹ̀, lọ́yà. Íńkì dúdú, íńkì pupa àti páálíṣì bàtà funfun ni ọ̀dà rẹ̀. Ibi tó kù, ó fi í sílẹ̀ bí igi ṣe rí. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ló ń rà á! Àwọn kan ní yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ó ní rárá, ohun tí ojú òun ń rí ni.

Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí jẹ́ sójà West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ogun Lugard, ẹni tó ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lokoja, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, lọ́jọ́ 1 oṣù Kínní 1900. Fìlà pupa, ẹ̀wù pupa, ẹsẹ̀ lásán. Ẹsẹ̀ yẹn ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù: búráùn kan ò tó, mẹ́ta ni mo pò pọ̀.