Ojú tí Ọ̀dà Ń Sá Fún: Àwọ̀ àti Àmì Ara Bàálù Ajàgun Jámánì

Iṣẹ́ méjì tí kò bára mu ni ọ̀dà ara bàálù ogun ń ṣe: ó ń fi bàálù pamọ́ fún ọ̀tá, ó sì tún ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ tètè dá a mọ̀, kí ó má baà yìnbọn lu ẹni tirẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ àwòṣe, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ bàálù kékeré tí ó jẹ́ 1/72 tàbí 1/48 ojúlówó, kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá, pàápàá bó bá kan bàálù ajàgun tí Jámánì lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì, nítorí pé léraléra ni wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ wọn láàárín ọdún mẹ́fà péré. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìyípadà náà tí kò ní ìdí: ibi tí Jámánì bá rò pé ojú ọ̀tá yóò gbà wò wọ́n ni wọ́n ń kun ọ̀dà dè.

Iléeṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń bójú tó ọ̀ràn òfuurufú, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ RLM, fún ọ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì ni àwọn oníṣẹ́ àwòṣe ṣì ń pè é títí dòní. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ẹ̀yìn bàálù ajàgun Messerschmitt Bf 109 jẹ́ àwọ̀ ewé méjì tó ṣú, ìyẹn 70 àti 71, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn 65, kí ẹni tó bá wò ó látòkè lè pè é ní igbó, kí ẹni tó bá gbójú sókè wò ó láti ilẹ̀ sì pè é ní ojú ọ̀run. Ètò yìí dára fún bàálù tó bá jókòó sí pápá, ṣùgbọ́n bàálù ajàgun tó bá gbéra máa ń pàdé ọ̀tá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fa búlúù náà gòkè bo ẹ̀gbẹ́ bàálù ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940. Lẹ́yìn tí ìjà ti di ti orí òkun tóóró tó pààlà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ ewé kò rí igbó sá sí mọ́, wọ́n sì bọ́ sí àwọ̀ eérú ní 1941, 74 àti 75 lókè, 76 nísàlẹ̀. Àwọn tó lọ jà ní aṣálẹ̀ Líbíà àti Íjíbítì gba àwọ̀ iyanrìn, 79, àti búlúù 78. Ṣùgbọ́n ní ìparí ogun náà, àwọ̀ tó jọ ti igbó tún padà dé, 81 àti 82, nítorí pé bàálù Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ti gba ojú ọ̀run, wọ́n sì ń jó bàálù Jámánì níbi tí wọ́n gbé e sí. Ojú ọ̀tá ti tún padà sókè.

Ti àmì yàtọ̀. Ẹgbẹ́ ńlá àwọn bàálù ajàgun ni Jagdgeschwader, tí wọ́n ń ké kúrú sí JG. Wọ́n pín in sí Gruppe, wọ́n sì pín Gruppe sí Staffel, èyí tó kéré jù. Nọ́ńbà ara bàálù máa ń jẹ́ funfun fún Staffel kìíní nínú Gruppe, pupa tàbí dúdú fún ìkejì, àwọ̀ ìyeyè fún ìkẹta, ilà gbọọrọ kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn àgbélébùú ẹ̀gbẹ́ bàálù sì ń sọ pé Gruppe kejì ló ni ín. Ẹni tó bá mọ òfin yìí, tó sì mọ̀ pé Gruppe kìíní nínú JG 27 ni awakọ̀ Jámánì nì, Hans-Joachim Marseille, wà, yóò mọ̀ láìbéèrè pé Staffel kẹta ló wà nígbà tó ń wa bàálù tí wọ́n kọ 14 aláwọ̀ ìyeyè sí lára, nọ́ńbà tí ó ju bàálù kan lọ tó rù ú kí awakọ̀ náà tó kú ní Íjíbítì ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án, 1942. Àmì Gruppe kìíní nínú JG 27 náà yẹ kí ènìyàn dúró wò: àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà ni, wọ́n ya orí ẹkùn àti orí ènìyàn dúdú sórí rẹ̀, orí ènìyàn náà sì jọ ti ẹni tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ti ya àmì náà kí ẹgbẹ́ yìí tó fi ẹsẹ̀ kan Áfíríkà ní 1941, ní àsìkò tí ọkàn àwọn kan ní Jámánì ṣì wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti pàdánù, tí Tógò àti Kamẹrúùnù wà lára wọn. Àmì ẹgbẹ́ Nazi tó wà ní ìrù bàálù ní ti rẹ̀ lòdì sí òfin Jámánì lónìí, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta àwòṣe fi ń yọ ọ́ kúrò nínú àwọn àmì alẹ̀mọ́ tàbí kí wọ́n gé e sí méjì.

Nàìjíríà kò jìnnà sí ìjà yìí tó bí a ṣe lè rò. Owó tí wọ́n dá ní Nàìjíríà fún ogun náà ló mú kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì kan máa jẹ́ 91 (Nigeria) Squadron, tí àwọn bàálù Spitfire rẹ̀ ń kojú àwọn Bf 109 àti Focke-Wulf 190 aláwọ̀ eérú lórí òkun tóóró náà. Láti oṣù kẹsàn-án 1940 ni àwọn bàálù tí wọ́n tò pọ̀ ní Takoradi, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, ti ń gba Èkó, Kánò àti Máídúgùrì lọ sí Íjíbítì láti bá àwọn aláwọ̀ iyanrìn jà. Nígbà tí Nàìjíríà sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ló kọ́ wọn níṣẹ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz sì ni ọ̀gá wọn àkọ́kọ́.

Ogun abẹ́lé ló fi bí ọ̀dà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn kedere jù lọ nílẹ̀ wa. Ní oṣù karùn-ún 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden, kó bàálù kéékèèké márùn-ún tí wọ́n ń pè ní MFI-9B wá jà fún Biafra, rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá lábẹ́ ìyẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́kọ́ kọlu pápá Port Harcourt ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà. Bàálù tí kò yára, tí ó ń fò bí ẹni pé ó fẹ́ fara kan orí igi, kò nílò búlúù. Ojú òkè nìkan ló ń sá fún, nítorí náà ọ̀dà mọ́tò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kùn ún. Oníṣẹ́ àwòṣe tó bá wà ní Sángo Ọ̀tà, níbi tí àwọn tó ń kun mọ́tò kò ti ṣọ̀wọ́n, lè rí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ láìjìnnà sílé, bí ó bá ṣá ti rántí pé ọ̀dà mọ́tò máa ń dán, dídán sì ni ohun àkọ́kọ́ tó ń tú bàálù ogun fó.

Ìṣòro tó le ju àwọ̀ lọ fún oníṣẹ́ àwòṣe ni ti ọjọ́, ìyẹn àsìkò wo nínú ayé bàálù ni ó fẹ́ kùn. Ọ̀tà, tó jẹ́ ìlú Awórì àti ọ̀kan lára àwọn ibùdó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mọ ọ̀ràn yìí dáadáa, nítorí pé wọ́n máa ń tún igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kùn bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, débi pé ọ̀dà agolo tí wọ́n rà lọ́jà lè bo ọ̀dà ìbílẹ̀ mọ́lẹ̀ lára igi kan náà, láìsí ẹni tó lè sọ pé ọ̀kan ni ojúlówó, èkejì ni ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bf 109 kan tí wọ́n kọ 6 dúdú sí lára, tí àwọn ọmọ ogun Australia rí gbà ní Gambut ní Líbíà ní oṣù kọkànlá 1942: wọ́n pa àgbélébùú Jámánì rẹ́ kúrò lára rẹ̀, wọ́n kun àmì olóbìírípo ti Gẹ̀ẹ́sì sí i, wọ́n sì kọ CV-V sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàálù náà tún fò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1991, ó já lulẹ̀ ní Duxford ní 1997, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sì ni ó wà báyìí pẹ̀lú 6 dúdú àti àgbélébùú tí àwọn tó tún un ṣe kùn sí i. Ẹni tó bá fi àgbélébùú sí ara àwòṣe rẹ̀ ń kọ́ bàálù náà kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ẹni tó bá sì kọ CV-V sí i ń kọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà.