Láti Orí Àrokò Dé Orí Ímeèlì: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Pọ́nbélé àti HTML, àti Ẹ̀kọ́ Ààbò tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ọ̀nà méjì tí a lè gbà ka ímeèlì: kíkà á ní ọ̀rọ̀ pọ́nbélé àti kíkà á ní HTML. Ọ̀rọ̀ pọ́nbélé kò ní ju lẹ́tà ábídí, nọ́ńbà àti àmì lọ. HTML ní tirẹ̀ ni èdè tí a fi ń to ojú ewé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni ó ń fún ímeèlì ní àwọ̀, àwòrán àti bọ́tìnì.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè fìdí múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti Redemption Camp, tí wọ́n ń pè ní Redemption City lónìí, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 1983 ni ìjọ Redeemed gba ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ti di ìlú tí ó ní ilé ìwé, báǹkì àti iná mànàmáná tirẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Lọ́dọọdún ni àwọn olùjọsìn ń ti òkè òkun wá sí àpéjọ oṣù kẹjọ àti ti oṣù kejìlá. Ká sọ pé olùkọ́ kan wà ní Mowe tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù fún irú àpéjọ bẹ́ẹ̀. Ímeèlì kan dé tí àmì ìjọ hàn gedegbe lórí rẹ̀, pé kí ó tẹ bọ́tìnì kan kí ó lè san owó ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò dé sí. Báwo ni olùkọ́ yìí yóò ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Èrò wa ni pé ìtàn bí a ṣe ń ránṣẹ́ yóò ràn án lọ́wọ́.

Àrokò àti ímeèlì àkọ́kọ́

Kí ìwé kíkà tó dé ilẹ̀ Yorùbá, àrokò wà lára ohun tí àwọn baba ńlá wa fi ń ránṣẹ́. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí i. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí a rán lè má mọ ìtumọ̀ ohun tí ó gbé dání, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni olùgbà ń fi ojú rí. Ènìyàn ni àrokò ń bá sọ̀rọ̀. Kì í pàṣẹ fún ilé tí a gbé e wọ̀.

Irú ìwà yìí ni ímeèlì hù nígbà tí Ray Tomlinson fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí èkejì ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971. ASCII, ìlànà ọdún 1963 tí kò ní ju àmì 128 lọ, ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ohun tí a kọ náà ni a rí.

Bí HTML ṣe wọlé

Ní ọdún 1992, Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé ìlànà MIME jáde, èyí tí ó jẹ́ kí ímeèlì lè gbé àwòrán, ohùn àti fáìlì. Kí ọdún 2000 tó dé, HTML ti wọ inú ímeèlì. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ tí a rán ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn olùkàwé: ó lè ní kí ẹ̀rọ lọ mú àwòrán wá láti ibòmíràn.

Kò pẹ́ tí ewu rẹ̀ fi hàn. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ sí ILOVEYOU, tí ó jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ènìyàn bá ṣí fáìlì tí a so mọ́ ímeèlì. Ṣùgbọ́n BubbleBoy, tí ó ti yọjú ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, kò nílò àsomọ́ kankan. Inú HTML ni ó fara pa mọ́ sí. Kí ènìyàn ṣáà ti ṣí ímeèlì náà nínú Outlook ti tó.

Ọ̀rọ̀ àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀

Àwa tí a ń kọ Yorùbá ní ìdí pàtàkì tí a fi lè sá fún ọ̀rọ̀ pọ́nbélé nígbà náà. Ní àpérò tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 ni a ti jíròrò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa, ṣùgbọ́n ASCII kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Bí a bá kọ “oko” sínú ímeèlì, olùgbà ni yóò máa méfò bóyá oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni. Àwọn kan wá ń lo fọ́ǹtì àkànṣe. Bí olùgbà kò bá sì ní irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, wúruwùru ni yóò rí.

Unicode, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, àti UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992, ni wọ́n tú wa sílẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ pọ́nbélé lè gbé gbogbo àmì Yorùbá láìku ẹyọ kan. Nítorí náà, àwáwí àtijọ́ ti tán.

Ibi tí ewu wà lónìí

Òótọ́ ni pé àwọn ètò ìka-ímeèlì òde òní kì í gbà kí HTML ṣe bíi ti BubbleBoy mọ́. Síbẹ̀, ewu mẹ́ta ṣì kù. Èkíní, bọ́tìnì lè pe orúkọ ìjọ kí ó sì gbé wa lọ sí ọ̀dọ̀ olè. Èkejì, àwòrán tí ẹ̀rọ lọ mú wá láti òkèèrè lè sọ fún olùfiránṣẹ́ pé a ti ṣí ímeèlì rẹ̀, àti ìgbà tí a ṣí i. Ẹ̀kẹta, ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù fi hàn, nínú ohun tí wọ́n pè ní EFAIL, pé a lè fi HTML jí ọ̀rọ̀ àṣírí inú ímeèlì tí a ti fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọ̀kan lára ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a pa HTML.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ́nbélé kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà 419 tí ó ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́ kò ní àwọ̀ tàbí àwòrán rárá. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n fi mú ènìyàn. Bákan náà, láti ọdún 2003 ni ìlànà ti wà tí ó gba lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII láàyè nínú àdírẹ́sì. Ẹlẹ́tàn lè fi ọ rọ́pò o. Ojú àwa Yorùbá ti mọ́ àmì ìsàlẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè fò ó dá.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú Thunderbird, ẹni tí ó bá tẹ “View”, tí ó tẹ “Message Body As”, yóò rí “Plain Text” yàn. Nínú Outlook, “Email Security” lábẹ́ “Trust Center” ni a ó ti ṣe é. Ẹni tí ó ń lo Gmail lè sọ fún un pé kí ó máa béèrè kí ó tó gbé àwòrán jáde.

Bí olùkọ́ ará Mowe yẹn bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì ìjọ yóò pòórá, bọ́tìnì yóò di àdírẹ́sì tí ó ṣeé kà. Kí ó kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ó pe ìjọ lórí nọ́ńbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ó tó san kọ́bọ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kíkà ní ọ̀rọ̀ pọ́nbélé ń ṣí ojú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa. Ọwọ́ wa ni wíwò ó dáadáa kù sí. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tí a ń kọ́ lónìí mọ èyí, kí wọ́n tó máa fi ímeèlì kọ́ ọmọ ẹlòmíràn.