Láti Orí Àgò Dé Ilé-Ẹjọ́: Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti Ìpamọ́ Àṣírí Láàrin Aráàlú

Ní agboolé Yorùbá, ì báà ṣe ní Ararọ̀mí-Òwu, ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù, àlejò kì í ṣàdédé já wọlé onílé. "Àgò o!" ni yóò kọ́kọ́ ké, ìgbà tí onílé bá dáhùn pé "Àgò yà!" ni yóò tó wọlé. Àṣà yìí fi hàn pé Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé onílé ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé ojúṣe aládùúgbò sí aládùúgbò ni àgò jẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárín ọba àti ará ìlú nìkan.

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé wá yàtọ̀ sí èyí. Kò ní ẹ̀sùn kan pàtó fún ẹni tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ní láti gba ọ̀nà ẹ̀sùn mìíràn, bí ìbanilórúkọjẹ́. Ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kéékèèké, tí Ìgbìmọ̀ Willink jábọ̀ lé lórí ní 1958, wà lára ohun tó mú kí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wọ inú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà. Òfin 1960 dáàbò bo ìgbé-ayé ìkọ̀kọ̀ àti ti ẹbí. Abala 37 nínú òfin 1999 dárúkọ ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Síbẹ̀, apata lọ́wọ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ẹ̀tọ́ náà sí.

Ní Jámánì, ilé-ẹjọ́ gbé òfin ìpìlẹ̀ 1949 wọ inú ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú ní 1954, nígbà tí ìwé ìròyìn kan tẹ lẹ́tà agbẹjọ́rò kan jáde lọ́nà tí kò fọwọ́ sí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn 1998 kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 2000. Òun ni àwọn adájọ́ gùn lé ní 2004 láti dá Naomi Campbell láre lórí ìwé ìròyìn tó tú àṣírí ìtọ́jú rẹ̀. Nàìjíríà ti ní ẹ̀tọ́ yìí lákọsílẹ̀ fún ogójì ọdún kí ti Gẹ̀ẹ́sì tó múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé lásán kì í gbèjà ẹni.

Ìgbèjà náà dé ní 2018. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó jẹ́ kí nọ́ńbà oníbàárà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dà á láàmú ti tàpá sí abala 37. Ní 2021, ẹ̀ka Ìbàdàn ilé-ẹjọ́ náà sọ pé ààbò lórí àkọsílẹ̀ nípa ẹni wà lára ẹ̀tọ́ yìí. Òfin Ààbò Dátà tẹ̀ lé e ní 2023.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Àbájáde ìdánwò ọmọ, àìlera rẹ̀ àti nọ́ńbà òbí rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ olùkọ́. Níbi tó bá jẹ́ pé ìyọ̀ǹda ni a gbé lílo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé, òfin 2023 ní kí a gbà á lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́. Ohun tí òfin ń béèrè kò ṣàjèjì: kí olùkọ́ kágò kí ó tó ṣílẹ̀kùn ilé onílé.